Àna Àwọn Ewúrẹ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa olóògbé Ràmọ́nù, ní ilẹ̀ Kétu, láti Idigny títí dé Kpankou, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún yín ni pé ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́. Òótọ́ ni. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ló ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà Idigny ni, gbogbo ayé ń kọjá lọ. Ràmọ́nù wọ agbádá tó fi gbéyàwó, ó dé fìlà, ó wọ àgbàlá ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Madeleine, ó sì nà gbalaja níwájú ewúrẹ́ dúdú kan tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́.

"Màmá," ó ní, "a kí yín o. Àwa ìdílé ìyàwó la wá tọrọ ọkọ. A mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí kọ́, ẹ má bínú sí wa."

Madeleine dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí ìkíni tirẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó wúkọ́.

"Èmi ni mo ni ewúrẹ́ yẹn o."

"Mo mọ̀, ìyá," Ràmọ́nù dáhùn láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ń bọ̀ wá kàn yín. Ẹni tó bí ọmọ là ń kọ́kọ́ kí."

Sàfúrátù fi ìborùn bojú. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ni ì bá wọ̀. Ewúrẹ́ wo ọkùnrin tó nà sílẹ̀, ó fi èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí agbádá. Ràmọ́nù gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Sìdíkù, wọ́n ti gbà!"

Àwọn tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní orí rẹ̀ ló dàrú. Orí rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ Sàfúrátù ló gbé e débẹ̀.

Nígbà Rẹfolúsọ̀n ni, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì. Ní abúlé wọn lẹ́bàá Odomèta, òbúkọ kan ṣoṣo ló jẹ gàba, Kọmáńdà lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó ní irùngbọ̀n, òórùn rẹ̀ a sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Honoré ló ni ín, Honoré yìí sì ni délégè, ẹni tí ìjọba yàn lórí abúlé. Ta ni yóò sọ òkò lu òbúkọ ìjọba? Bẹ́ẹ̀ ni Kọmáńdà ṣe gun gbogbo abo abúlé, ó tún gun àwọn ọmọ tí wọ́n bí fún un, ó sì gun ọmọ àwọn ọmọ náà. Ìgbà tó yá, àwọn abo kan ò tilẹ̀ wá akọ mọ́. Àwọn tó lóyún ń bí ọmọ tó rí tíńtín, ẹnu wíwọ́, tí kò lè fa ọmú. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí ọjọ́ kẹta, àwọn aládùúgbò a wá kí ẹni tó ni ín kú oríire.

Ewúrẹ́ wọ̀nyí ni gbogbo ohun ìní Sàfúrátù. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún wọn. Ara wọn ló ti rí páànù tó wà lórí ilé, ara wọn náà ló ti rán Sìdíkù ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Nígbà tí òjò méjì kọjá tí ọmọ ewúrẹ́ kan ò yè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Àwọn kan ní aráyé ni. Àwọn kan ní koríko ni. Ràmọ́nù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi pákò sẹ́nu, ó ń wo àwọn ewúrẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yọ pákò, ó ní, "Ìyá Sìdíkù, ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ àbúrò nínú ilé yìí. Bàbá ń fẹ́ ọmọ. Bí àwa èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, irú ọmọ wo la máa bí?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di alárinà. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń wádìí ìdílé ewúrẹ́ bí ẹni ń wádìí ìdílé ìyàwó. "Ta ni ìyá eléyìí? Ṣé òun nìkan ni wọ́n bí ni, àbí ìbejì ni? Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ó lọ́mú dáadáa?" Bí ẹni tó ni ẹran bá ní òun ò mọ̀, Ràmọ́nù a mi orí. "Ẹ wá ń bá ẹni tí ẹ ò mọ ìdílé rẹ̀ gbélé?"

Ó tún gbé tuntun dé. Ó ya àpò àgbàdo, ó rán an ní bàǹtẹ́, ó so ó mọ́ abẹ́ ikùn gbogbo akọ tó ṣẹ́ kù lágbàlá rẹ̀, kí wọ́n má baà rí ọ̀nà ṣe ohunkóhun pẹ̀lú àbúrò wọn. Bí àwọn òbúkọ yẹn bá ń kọjá lójú pópó pẹ̀lú bàǹtẹ́ wọn, àwọn obìnrin a sọ igbá kalẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í pé ṣé wọn ò ní wọ fìlà sí i.

"Fìlà ò lè dí wọn lọ́wọ́," Ràmọ́nù dáhùn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Honoré pe ìpàdé lábẹ́ igi. Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó ké igbe Rẹfolúsọ̀n, pé ayé ti yí padà: "Ehuzu!" Gbogbo abúlé dáhùn, "Dandan!" Ó ṣí ẹnu láti ké e lẹ́ẹ̀kejì, àfi bí Ràmọ́nù ṣe fò dìde láàrin èrò, tó nawọ́ síwájú.

"Fi í sílẹ̀! Àgbàyà! Ọmọ rẹ ni! Ọmọ bíbí inú rẹ ni!"

Gbogbo ojú yí sí délégè. Rosalie ìyàwó délégè, tí kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, dìde díẹ̀díẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Honoré. Ọmọ wo?"

Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn tó rí Kọmáńdà lẹ́yìn délégè, tó ti ká ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ ìdí igi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi dùbúlẹ̀. Honoré ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dúró kí ariwo lọ sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹran tó ń jẹ tí kò bí, ọ̀tá Rẹfolúsọ̀n ni. Bí àgbàdo tuntun bá gbó, ilé tí kò bá ní ọmọ ewúrẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn, gbogbo ewúrẹ́ ilé náà ń lọ sí ọgbà kóperatíìfù ìjọba." Sàfúrátù ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Sàfúrátù sunkún títí. Ràmọ́nù kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó wọ yàrá, ó gbé agbádá jáde, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ó ti gbọ́ pé ewúrẹ́ kan wà ní Idigny tí kì í bí ọmọ kan ṣoṣo, àti pé ọmọ rẹ̀ akọ ti bàlágà.

Madeleine yá wọn ní òbúkọ náà. Ẹ̀rín ti pa á débi pé kò lè sọ pé rárá. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè, pé bí wọ́n bá bí abo, kí wọ́n mú ọ̀kan wá kí òun. Òbúkọ dúdú ni, funfun yí i lọ́rùn ká. Ràmọ́nù sọ ọ́ ní Ọkọ-Ìyàwó.

Ó ti fi ẹ̀gún sọgbà yí àgbàlá ká nítorí Kọmáńdà, ó sì ti ń bọ́ àwọn abo ní àgbàdo tí Sàfúrátù tọ́jú fún ògì.

"Àgbàdo ògì mi, Bàbá Sìdíkù!"

"Ìyá Sìdíkù, inú tó yó ló ń gba ọmọ méjì."

Ọjọ́ tí Ọkọ-Ìyàwó dé, igun kan ló lọ dúró sí, ó ń jẹ ẹní. Honoré wá wòran lẹ́yìn ọgbà. "Kámáráàdì Ràmọ́nù, ọkọ yín ń jẹ ẹní o."

"Ojú ló ń tì í. Ìwọ náà, ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dé ilé àna rẹ, ṣé o kàn já wọ yàrá ni?"

Àmọ́ òórùn àlejò ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn abo tí wọn ò bojú wo Kọmáńdà láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n ń ju ìrù, wọ́n ń kan ara wọn nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ba. Ràmọ́nù ò yẹ̀ba. Ó gbé àpótí, ó jókòó sáàárín wọn, ó ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé yóò kárí.

Honoré ránṣẹ́ pe Gaston, dókítà ẹran láti Kétu. Gaston gun alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Ó wo ọgbà, ó wo bàǹtẹ́, ó bèèrè ọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ ìdáhùn tó gùn.

"Kámáráàdì Gaston," Honoré ní, "ẹ sọ fún un pé ìwà ayé àtijọ́ ni. Ó ń ṣe àna fún ẹran!"

Gaston nu ojú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹbí gun ẹbí, ẹ wá akọ láti ìdílé tó ń bí ìbejì, ẹ bọ́ abo kó tó gba akọ. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni kò sí nínú ìwé wa."

"Ẹ fi kún un," Ràmọ́nù ní.

Òjò dé. Àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Sàfúrátù ń fọwọ́ kan ikùn àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, kò sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ń lóyún tẹ́lẹ̀ náà, òkú ọmọ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ràmọ́nù ní tirẹ̀ ti ń wá orúkọ.

Àwọn èèyàn ti ń sun àgbàdo tuntun jẹ lójú ọ̀nà nígbà tí Honoré dé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ewúrẹ́ kankan ò tíì bí. Sàfúrátù dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ dúró. Ìyá àgbà inú wọn ń rọbí lọ́wọ́."

Ràmọ́nù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kọjú sí ògiri. Kò lè wò ó. Sàfúrátù ló kúnlẹ̀, òun ló gba ọmọ, òun ló nu imú rẹ̀. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, kò mira. Ó wá sín. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ó sì rìn tààrà lọ síbi ọmú, ó fà á, wàrà ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Kí Sàfúrátù tó pariwo tán, èkejì ti yọrí.

"Ìbejì! Bàbá Sìdíkù, ẹ yíjú padà! Ìbejì ni!"

Honoré ṣì di okùn mú nígbà tí igbe Rosalie sọ láti ilé òun fúnra rẹ̀. "Bàbá Firmin! Ẹ máa bọ̀ o! Tiwa náà ti bí! Méjì ni!" Rosalie sáré dé pẹ̀lú ọmọ ewúrẹ́ kan lábíyá kọ̀ọ̀kan, tútù báyìí, dúdú báyìí, funfun yí wọn lọ́rùn ká.

Délégè wo ọrùn àwọn ọmọ. Ó wo ọrùn Ọkọ-Ìyàwó. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Mo mú ìyá wọn wá síbí," Rosalie ní, "nígbà tí ẹ wà nípàdé. Ó ti sú mi kí n máa sin òkú."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Honoré. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó rìn dé iwájú Ràmọ́nù, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo èèyàn gbọ́: "Ẹ kú oríire, àna mi."

Ràmọ́nù fi ọwọ́ nu omi ojú. Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó ké, "Ehuzu!" Abúlé ò dáhùn "Dandan" bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí Rẹfolúsọ̀n ti dé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo abo Sàfúrátù ti bí, kò sì sí ọmọ tó kú.

Láti ìgbà náà ni Ràmọ́nù ti ń ṣe alárinà káàkiri. Kí àwọn ọmọ òbúkọ kan tó bàlágà ní abúlé kan, ó ti mú bàbá wọn lọ sí òmíràn. Ọkọ-Ìyàwó lọ sí Kpankou, ọmọ ibòmíràn wá sí Odomèta. Gbogbo ilé tí ewúrẹ́ wọn bá ti fẹ́ra, àna ló ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣàìsàn, ó ń lọ kí wọn. Bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, ó ń gbé iṣu lọ. Sàfúrátù a máa ṣàròyé pé iṣu àwọn ń tán nílé àna tí òun ò mọ̀ rí.

Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí Ràmọ́nù tó kú, wọ́n sì sin ín bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí. Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Sàfúrátù se ìwọ̀nba oúnjẹ. Sìdíkù nìkan lọmọ wọn, wọn ò bí obìnrin. Ta ni yóò wá ṣe àna nílé àwọn, tí yóò fa ewúrẹ́ wá?

Àwọn ará Idigny ló kọ́kọ́ dé, Reine ọmọ Madeleine ló ṣáájú wọn, wọ́n ru iṣu, wọ́n fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. "Àwa ni àna láti Idigny." Àwọn ará Kpankou tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú iṣu àti ewúrẹ́ tiwọn. Odomèta dé. Àwọn tí Sàfúrátù ò mọ orúkọ abúlé wọn náà dé. Honoré tó ti darúgbó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá tò wọ́n, ó ń ní kí àna àgbà kọ́kọ́ wọlé. Àgbàlá kún, ojú ọ̀nà kún. Sàfúrátù ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀.

Sìdíkù mú ọ̀bẹ, ó fa ewúrẹ́ kan kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan ikùn ẹran náà.

"Aboyún ni. Tú u sílẹ̀."

Ó fa òmíràn. "Èyí ń wá akọ lọ́wọ́. Ṣé o ò gbọ́ igbe rẹ̀ ni?"

Ó fa ẹ̀kẹta. Sàfúrátù yíjú sí àwọn tó mú un wá. "Ìyá eléyìí ńkọ́? Ìbejì ló ń bí?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Má fọwọ́ kàn án, Sìdíkù."

Ẹ̀rín bú jáde láti igun kan, ó gba gbogbo àgbàlá. Sàfúrátù náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ti kó o ràn mí," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí ilé ìdáná pé kí wọ́n gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà ni gbogbo àna Ràmọ́nù jẹ lọ́jọ́ kẹjọ rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì fi ọ̀wọ́ ewúrẹ́ sílẹ̀ fún opó rẹ̀.