Ọwọ́ Tí Ọyẹ́ Mú Lọ́nà Abà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ọyẹ́, mo ti mọ̀ pé onítọ̀hún ò gun alùpùpù rí láàárọ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún. Ọyẹ́ tó ń jà láti Ìkìrun dé Òkukù nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń yìn. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, eruku á bo ojú ọ̀nà débi pé èèyàn ò ní rí igi tó wà níwájú rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà, mo ṣì kórìíra rẹ̀ títí dòní.

Èmi ni mo ń gun alùpùpù ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan n'Ìkìrun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí lọ sí àwọn abà tí mọ́tò ò lè dé, àwọn tó wà lẹ́yìn Inísà àti àwọn tó wà nínú igbó lọ́nà Òkukù. Kì í ṣe títì là ń gbà. Ọ̀nà oko ni, kùkùté lọ́tùn-ún, kòtò lósì, gbòǹgbò kòkó láàárín. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lèèyàn fi ń gun alùpùpù. Bí òtútù bá ti mú ọwọ́ gan, o ò ní mọ̀ bóyá o tẹ bíréèkì tàbí o ò tẹ̀ ẹ́, àfi tó o bá bá ara rẹ nínú ẹ̀gún. Mo ti bá ara mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí ohun tí n ò ṣe tán. Ìyàwó mi fi òrí pa ọwọ́ mi, òrí náà mú kí ọwọ́ máa yọ̀ lára irin. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́, atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo máa ń dúró lójú ọ̀nà, kí n na ọwọ́ méjèèjì sí ara ẹ́ńjìnnì títí àtẹ́lẹwọ́ á fi fẹ́ bó. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa bá wa ra ìbọ̀wọ́ awọ n'Ìbàdàn. Ó ní kí èmi àti nọ́ọ̀sì jọ máa lò ó. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á, n kò sì jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, èmi àti nọ́ọ̀sì yìí ò fẹ́ ara wa fẹ́ oore. Ọmọ Inísà ni. Àbúrò mi àbígbẹ̀yìn jù ú lọ, síbẹ̀ “ìwọ” ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ o, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo sùn gbàgbé, ó fẹjọ́ mi sun ọ̀gá, ọ̀gá sì ní kí n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ìyá ọlọ́mọ tó kún ilé. Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo ti mọ̀ pé n ò ní dárí jì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti abà kan lẹ́yìn Inísà. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí láti àná, oyún àkọ́kọ́ sì ni. A gbéra bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ọkùnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọyẹ́ ọjọ́ náà burú. Nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mú sórí itan, nítorí ọ̀nà ò jẹ́ kó ṣeé fi sílẹ̀. Kò lè ki ọwọ́ bọ inú aṣọ, kò lè fi sábẹ́ abíyá.

Kí a tó dé Inísà, ó ní, “Fún mi ní ìbọ̀wọ́ yẹn. Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ lọ fi gbẹ̀bí.”

Mo ní, “Ọwọ́ tèmi ló máa gbé yín débẹ̀, mà.”

Òótọ́ ni mo sọ, ìdí nìyẹn tó fi dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a sọdá odò kan, ọ̀nà tẹ́jú, mo lè bọ́ ìbọ̀wọ́ náà fún un nígbà yẹn. N ò bọ́ ọ. Mo tún fún alùpùpù níná sí i.

Nígbà tí a dé abà, ó fẹ́ ṣí àpótí, ìka rẹ̀ ò lè gbé ìkọ́ rẹ̀. Àwọn ìka náà ti funfun, wọ́n ká kò. Ọrùn ọwọ́ ló fi ti ìkọ́ náà títí tó fi ṣí. Mo rí i. Inú mi dùn.

Ìyá ọkọ aboyún náà ti dáná sẹ́nu ọ̀nà. Ní àwọn abà yẹn, ẹni tó bá ti ọ̀nà dé kì í wọlé tààrà lọ bá ẹni tó ń rọbí. Ó gbọ́dọ̀ jókòó nídìí iná fún ìgbà díẹ̀ ná.

Ìyá náà ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ jókòó ti iná díẹ̀, kí ohun tó bá tẹ̀ lé yín bọ̀ lè padà lẹ́yìn yín.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá, onígbàgbọ́ ni mí. Kò sí nǹkan kan tó tẹ̀ lé mi.”

Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gba irú àṣà bẹ́ẹ̀ láyè, ó sì di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di Bíbélì mú. Ìyá náà yíjú sí mi. Ó ní, “Ọmọkùnrin, bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò ní pẹ́ rárá.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Kí n ṣáà ti wí pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ fi ti ohun tó tẹ̀ lé yín sílẹ̀, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ yá níná.” Ì bá jókòó. Ó lágídí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, “Nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ wọn, mà.” Mo fẹ́ kí ojú tì í níwájú àwọn obìnrin abà, kí nǹkan máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa wò ó. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Èmi ò rántí ọ̀rọ̀ àgbà lọ́jọ́ náà.

Ó wọlé. Èmi jókòó nídìí iná tí ó kọ̀, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo na ọwọ́ sí i. Wọ́n fún mi ní iṣu sísun, mo jẹ ẹ́.

Mo gbọ́ tí irin kan bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún bọ́. Mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ mọ́ ọn: “Ìyá, ẹ bá mi mú un. Ẹ bá mi mú un, n ò lè dì í mú.”

Ìyá yẹn ló jáde sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó dúró ti kẹ̀kẹ́. Orí ọmọ ti yọ, ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ìka nọ́ọ̀sì ò ráyè wọ abẹ́ ìwọ́ náà, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń fọwọ́ bà. Sísọ́ọ̀sì ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ fi máa ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ọmọ ti lọ. Ọkùnrin ni. Ìyá ọmọ yè é.

Ìyá náà wá dúró níwájú mi. Ó ní, “Ìwọ lo gbé e wá. Ṣé o ò mọ̀ pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ti kú ni?”

Mo ní, “N ò mọ̀, mà.”

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ó wo ọwọ́ mi lórí iná. Kò bá mi jà, kò fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Inísà.

Kò tó oṣù kan tí àwọn abà fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé àwọn ò fẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mọ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri, ó dé ọjà Òkukù. Níbẹ̀ ni obìnrin kan tó lóyún ti dá mi dúró pé èmi tí mo máa ń gbé e káàkiri ló yẹ kó mọ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ò dáa.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.