Ẹnì Kan Tí A Yọ Kúrò Nínú Àwòrán

Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyàwó mi ti kú kí n tó ṣí àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ ibi tó wà. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tí èmi àti dókítà kan, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa, ti jọ ń ṣe ìwádìí. Dókítà ló ń bójú tó ẹ̀rọ. Èmi, olùkọ́ ìṣirò láti ọjọ́ pípẹ́ ní Adó, ni mo ń ṣe ìṣirò.

Ohun tí a ń wá kò le. Àgbàlagbà á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, a ó sì ní kó má mira. Nígbà mìíràn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, ohùn kan náà tí a ti dà rú títí ó fi di ariwo tí kò ní ìtumọ̀ mọ́. A ó yọ àwòrán ariwo kúrò nínú àwòrán ọ̀rọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe kí èdè tó yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n orí ẹnì kan kò tó ẹ̀rí. A ó kó gbogbo wọn jọ, a ó wò ó bóyá ohun tó ṣẹ́ kù lára ẹnì kan ṣẹ́ kù lára àwọn yòókù.

Ohùn mi ni a lò. Mo ka ọ̀rọ̀ náà ní èdè Èkìtì, nítorí ará Ìyìn àti Òkè-Ìlá ní Adó níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wá. Níbẹ̀rẹ̀ ìpín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn bí ẹni tó ń wọlé bá ará ilé: “Ẹ kú ulé o.” Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó lè dá nǹkan sílẹ̀. Ta ni yóò dédé máa bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i?

Ìyàwó mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara wọn. Nígbà tó jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

“Ṣé o kò mira?” ni mo bi í.

“Mo dáhùn ni.”

“A ní kí o má mira.”

“Ẹ̀yin lẹ ń kí mi, Dádì. Ṣé kí n wá dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Gbogbo ìgbà tí ẹ wọlé ni mo ń ní ẹ káàbọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ jókòó sílé lónìí.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí àìsàn kan, tí kò kan orí, mú un lọ.

Ní ọ̀sán tí mo wá ṣí àwòrán náà, mo rí i pé orí rẹ̀ mì ju ìwọ̀n tí èmi fúnra mi ti kọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù náà mi orí díẹ̀ sí ìkíni, ṣùgbọ́n ohùn ọkọ wọn kọ́ ni wọ́n gbọ́. Èyí tó burú jù ni pé bí ariwo bá dé, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ó mì. Bí a bá wá yọ ariwo kúrò nínú ọ̀rọ̀, mímì náà ni yóò ṣẹ́ kù. Kò sí ìṣirò tó lè ya mímì kúrò lára èdè.

“Sà, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì wà níbẹ̀,” ni dókítà wí jẹ́jẹ́. “Ta ló máa mọ̀?”

Ṣọ́ọ̀ṣì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ibí nìkan ló kù tí wọ́n ṣì ti ń kà á mọ́ ènìyàn.

Mo ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọ̀ pupa tó ń fi ohun tó ṣẹ́ kù hàn yí ẹ̀gbẹ́ agbárí ká, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti gbọ́ èdè. Mo yọ ìyàwó mi, mo tún ìṣirò náà ṣe. Àwọ̀ náà lọ, apá òsì tí ọpọlọ ti ń gbọ́ èdè sì wá hàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo jókòó tì í títí dókítà fi jáde lọ jẹun.

Nínú ìwé ìwádìí, mo kọ ọ́ pé a yọ ẹnì kan nítorí pé orí rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà mo fi gbólóhùn kan kún un: àṣìṣe náà kì í ṣe ti ẹni tó dùbúlẹ̀, ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ló kí i.