Ọkọ̀ Tó Ń Dúró De Òróró

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyí tí Adéníjì ti ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ lẹ́tà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan l'Abuja. Bí gbèdéke bá ti kọjá, bí o fẹ́ o sunkún, bí o fẹ́ o dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Adéníjì á wò ọ́ lókè gíláàsì rẹ̀, á ní, "Ọjọ́ ti kọjá, arákùnrin mi," á sì ti fọ́ọ̀mù rẹ padà sí ọ. Kì í ṣe ìkà. Ó kàn gbà pé ọjọ́ ò mọ ẹkún ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá gbàgbé láti ka ọjọ́.

Orúnkún Àìná, ìyàwó rẹ̀, ló mú un ra ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni obìnrin náà ń lọ sílé ìwòsàn láti Galadimawa tí wọ́n ń gbé, ó sì ti di pé kò lè gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ àfi bí ẹni méjì bá gbé e. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e tán, ó rọra fi ìborùn bo ojú rẹ̀. Adéníjì rí i. Ó búra lọ́jọ́ náà pé Àìná ò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé.

Ọwọ́ Paul ló ti ra ọkọ̀ náà. Ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Paul ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń ki àwọn àgbà káàbọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀yẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ a sì máa ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ eérú ni ọkọ̀ náà, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n kọ ọ́ sínú risíìtì pé gárántì ọjọ́ mẹ́wàá wà lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì wà á o," ni Paul wí, ó dín ohùn kù. "Ojú ayé pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Pásítọ̀ kọ́kọ́ da òróró sí i lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Awakọ̀ mi á gbé e dé ẹnu géètì yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Adéníjì nínú. Ta ni í fi Ọlọ́run sẹ́yìn nínú ohun tuntun? Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ìyẹn ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ṣì ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Wọ́n fi tapólì bo ọkọ̀. Ní àràárọ̀, Adéníjì á gbé etí tapólì sókè, á wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, á tún fi bò ó, á wá rìn lọ sí oríta láti wọ takisí èrò.

Ìtùnúolúwa, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Abuja ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kì í dá rìn.

"Daddy, guarantee yẹn ti ń count o."

"Kí ló ń káùntì? Ṣé ẹni tó ní kí n dúró ló tún máa ka ọjọ́ sí mi lọ́rùn?"

"Daddy, you of all people."

"Gba ibẹ̀ yẹn kọjá, jàre."

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ pé, awakọ̀ Paul sì wá gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìjọ na ọwọ́ sí ọkọ̀. Paul ló ṣe Àmín tó ròkè jù.

Nígbà tí Adéníjì àti Àìná ń wà á lọ sílé, wọn ò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ń gun afárá, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ọkọ̀ ò sún. Adéníjì tẹ iná sí i, ọkọ̀ ké. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Àìná kígbe, "Jésù!" Òórùn nǹkan tó jóná kún inú ọkọ̀. Òróró ṣì ń dán lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Adéníjì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gíà bí ọwọ́ ẹni tó di òkú lọ́wọ́ mú.

Lọ́jọ́ Ajé, Jàbárù mẹkáníìkì ní Apo fa ọ́ọ̀lì gíà jáde, ó fi ìka méjì pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dúdú bí omi aró.

"Bàbá, gíà yìí ti kú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ ẹ bá wà á fọ́jọ́ méjì péré, ì bá ti jẹ́wọ́."

"Ọjọ́ méjì?"

"Ọjọ́ méjì. Kí lẹ wá ń fi ṣe látọjọ́ yìí? Ṣé ẹ̀ ń wò ó níran ni?"

Adéníjì pe Paul lórí fóònù níbẹ̀.

"Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá la kọ, òní ti pé mọ́kànlélógún. Ọjọ́ ti kọjá, ẹ̀gbọ́n mi."

Bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú kànga ni. "Paul, ṣebí ìwọ lo ní kí n má wà á?"

"Èmi? Àdúrà ni mo ní kẹ́ ẹ gbà. Ṣé àdúrà burú ni?"

Adéníjì pa fóònù. Lóòótọ́, àdúrà ò burú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Paul ò rò ó dé ibẹ̀ ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ẹni méjì ti gbé Àìná sínú kẹ̀kẹ́, Adéníjì forí lé ọgbà ọkọ̀ Paul láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ń gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kan kọjá nígbà tó gbọ́ ohùn Paul.

"Àlàájà, ẹ má tíì wà á o. Ojú ayé pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Àlùfáà kọ́kọ́ ṣe àdúà sí i. Awakọ̀ mi á gbé e dé ẹnu géètì yín."

"Àlùfáà wa wà n'Ílọrin," ni obìnrin kan dáhùn. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé."

"Kò sí wàhálà, Àlàájà. Ohun rere kì í pẹ́ jù."

Adéníjì dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, ibi tó ti dín ohùn kù pàápàá, ibẹ̀ náà ni. Òróró tàbí àdúà, bákan náà ni lẹ́nu Paul. Ẹni tó ṣe Àmín tó ròkè jù!

Ó yọ sí wọn. Obìnrin náà ń jẹ́ Sàlímọ́tù, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní abúlé Ushafa ló ń tà lọ́jà Wuse, ọkọ̀ tó ń rà yìí ló fẹ́ máa fi kó o. Risíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Paul ṣe rí Adéníjì, ó sáré fà á lápá sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, màá pààrọ̀ gíà yẹn fún yín. Lónìí. Gíà tó dáa. Ẹ ṣáà má dá sí tibí."

Lójú inú, Adéníjì rí orúnkún Àìná. Ó rí ìborùn tó fi bojú. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Àlàájà," Adéníjì ní, "ọjọ́ mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Mẹ́wàá."

"Òní wà nínú ẹ̀. Ẹ wà á lọ sí Ushafa, kẹ́ ẹ tún wà á padà. Ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà."

Ọwọ́ Paul já bọ́ lápá rẹ̀. Sàlímọ́tù wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

Adéníjì jáde sí títì láti wá takisí èrò. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Àìná, kò tíì rí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ọkọ̀ Sàlímọ́tù dún, tó sì gbéra.