Upá Ọmọ Aláró

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro tẹnu mi fún yín. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìyàwó tíṣà kan ní Bẹẹrẹ, mo ti gbé e mì tipẹ́, ikùn mi ò gbà á mọ́.

Aláró ni mí. Pópó Yemọja ni ilé wa, ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró mi wà, ọwọ́ mi sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mi ò tijú ẹ̀. Aró yẹn ló ń bọ́ èmi àti Sàfú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi.

Ẹ ẹ́ rántí ìgbà tí Olóde wọ ìlú. Ẹ mọ àrùn tí mò ń wí, èyí tó máa ń sú bo èèyàn látorí dé ẹsẹ̀, tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìsàlẹ̀ Òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ẹkún òkú ọmọ láti ilé dé ilé. Ta ni ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀?

Ìjọba wá rán ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó wọ rélùwéè wá, pé kó wá bupá fún àwọn ọmọ wa. Àgbàlagbà ni, ó ní sùúrù, Baba Abupá la ń pè é. Yóò sín ọmọ ní gbẹ́rẹ́ díẹ̀ lápá, yóò fi oògùn kan sí ojú ẹ̀, ó ní bí oògùn náà bá ti jẹ́, Olóde ò ní í rí ọmọ yẹn gbé ṣe mọ́. Inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ni oògùn ọ̀hún wà. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń gbé e bọ̀.

Iwájú ilé wa ló jókòó sí. Mo gbé Sàfú fún un. Ẹ̀rù abẹ bà mí, àmọ́ ẹ̀rù Olóde bà mí jù ú lọ.

Ìyá Fẹ́lísíà náà gbé ọmọ tiẹ̀ wá lọ́jọ́ yẹn. Òun ni ìyàwó tíṣà tí mò ń wí. Ẹ bá mi wo obìnrin yìí! Ẹ̀kọ ni ìyá ẹ̀ tà títí ó fi kú, ojú gbogbo wa ló ṣe. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti fẹ́ tíṣà, tó ti ń dé àkẹtẹ̀ òyìnbó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ò gbà á mọ́. Èmi náà ni mò ń pa aṣọ ẹ̀ láró o. Tó bá wá gbà á, ìta ló máa ń dúró sí, á sì fi ìka méjì gbé e. Mo bu omi fún un nígbà kan, ó ní òun kì í mumi nílé ìmàle.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Baba Abupá padà wá wo apá àwọn ọmọ. Kò fi òótọ́ pamọ́ fún wa. Ó ní oòrùn ti pa oògùn inú ìgò lójú ọ̀nà, pé ọmọ tí ojú gbẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti jinná wọ́ọ́rọ́, tí kò wú, upá ò jẹ́ lára ẹ̀ nìyẹn. Ti Sàfú nìkan ló jẹ́. Ó wú, ó ṣomi róbótó. Baba ní inú omi yẹn lòun yóò ti máa mú fi sí apá àwọn ọmọ yòókù, kó tó gbẹ, torí tó bá ti gbẹ, kò wúlò mọ́.

Àwọn ìyá àdúgbò wa to ọmọ wọn wá. Ìyá Fẹ́lísíà nìkan ló yọ ṣùtì sí wa. Ó gbé apá ọmọ ẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i, ó ní ṣé a rí bó ṣe mọ́? Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ kì í wú, pé ìdọ̀tí ló ń wú lára ọmọ tèmi. Ó ní òun ò lè gbà kí wọ́n fi ọyún ọmọ aláró sí ọmọ òun lára. Baba Abupá ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, pé apá tó mọ́ yẹn gan-an lewu ẹ̀ wà. Ìyá Fẹ́lísíà ní ti inú ìgò ni wọ́n fi fún ọmọ tòun, ti òyìnbó, ó sì tó òun.

Ṣé orí pé nìyẹn? Obìnrin tó mọ̀wé, tí ọkọ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó máa gbé apá mímọ́ lọ sílé.

Ọjọ́ kejì ni Olóde wọ ilé tó fara ti tiwọn ní Bẹẹrẹ.

Ẹ ẹ́ rí i pé kò sí ìgbéraga tí Olóde ò lè gbọ̀n dànù. Tíṣà fúnra ẹ̀ ló sáré wá bá mi nídìí ìkòkò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù. Ó ní Ìyá Sàfú, ẹ ṣàánú mi. Upá Sàfú ti ń gbẹ létí, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì èépá ló kù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bupá fún, tiwọn ò tíì wú. Bí Fẹ́lísíà ò bá rí ti Sàfú gbà lọ́jọ́ náà, Olóde lè ṣáájú wa dé ara ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀ dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó gbé ọmọ dání. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀? Ọṣẹ òyìnbó ló yọ, ó ní kí n fi fọ apá Sàfú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wá tọrọ. Mo ní kó kọ́kọ́ fi fọ ẹnu tirẹ̀.

Ó wà lórí ahọ́n mi láti lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n Fẹ́lísíà ń wò mí, ó fi ìka sẹ́nu. Kí ni ọmọ ṣe? Kì í ṣe òun ló yan ìyá. Mo ránṣẹ́ pe Baba Abupá. Mo ní kí Ìyá Fẹ́lísíà jókòó sórí ẹní mi, kó di ọmọ ẹ̀ mú fúnra ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàfú, apá ọmọ méjèèjì ń kan ara wọn. Ó jókòó. Sàfú ké nígbà tí wọ́n tú ojú upá ẹ̀, ó dùn mí wọra. Tíṣà dúpẹ́ títí. Ìyàwó ẹ̀ gbọn aṣọ ẹ̀, ó lọ.

Upá Fẹ́lísíà wú. Ọmọ méjì kú nílé tó fara ti tiwọn, Olóde ò fọwọ́ kan òun.

Mo wá gbé aṣọ lọ fún wọn ní Bẹẹrẹ. Mo bá àwọn ìyá ọlọ́ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tò, Baba Abupá ń mú omi lápá Fẹ́lísíà fi sí apá ọmọ wọn. Ìyá Fẹ́lísíà ń sọ fún wọn pé ìgò ọ̀tọ̀ ni tíṣà kọ̀wé sí Èkó fún, pé upá ìdílé tó mọ́ nìyí. Wíwú ò tún jẹ́ ìdọ̀tí mọ́. Bó ṣe rí mi, ojú ẹ̀ yí padà. Ló bá gbóhùn sókè, ó ní aláró, dúró síta, ọmọ èèyàn gidi la ń bupá fún níbí.

Mo la ẹnu kí n sọ òótọ́. Baba Abupá wò mí, ó mi orí díẹ̀. Mo wo àwọn ọmọ yẹn. Bí mo bá sọ ibi tí upá yẹn ti wá, àwọn ìyá wọn á gbé wọn padà sílé, Olóde sì ń bẹ ládùúgbò. Mo gbé aṣọ sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi.

Olóde ti lọ báyìí. Gbogbo ọmọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló yè é, upá wọn ti jinná, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ìwòsàn kó má béèrè ilé tó ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fojú tín-ínrín yín rí, tó tún ti ẹ̀yìn wá gba ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ tiyín kí n gbọ́, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́ṣọ́ọ̀ṣì ní Bẹẹrẹ, ẹ ká apá aṣọ ọmọ yín sókè, ẹ wo àpá ibẹ̀ dáadáa. Lára ọmọ aláró ló ti wá. Òun ló jẹ́ kí ẹ ṣì ní ọmọ tí ẹ ó ká aṣọ rẹ̀ sókè.