Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Òkè Dún Nígbà Ìrun

Bí mo bá ti gbóòórùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ gé, ilé bàbá mi ní Mushin ni ọkàn mi ń lọ. Ilé àtijọ́ ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lè gba búlọ́ọ̀kù mìíràn lórí, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ń fẹ́ yàrá kan lókè tí atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ sí òun lára. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ láìfi iná yọ́ ọ, èyí tí ènìyàn kan lè gbé léjìká, ni mo fi ń kọ́lé jẹun. Mo ní kó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí a parí, ó fi ìka kan ògiri, ó dún bíi garawa òfìfo. Ó wò mí.

“Kí ló di ilẹ̀ òkè yìí mú mọ́ ògiri?”

Mo fi àwọn irin ìdè hàn án ní igun, pẹ̀lú skúrù wọn, mo wá ń fọ́nnu. “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí gbogbo àdúgbò gùn ún, kò lè já.”

Lọ́jọ́ tí a ṣí yàrá náà, àwọn àgbà àdúgbò àti ààfáà wa gòkè wá kí ìrun Àsárì. Wọ́n tò, èjìká kan èjìká. Bàbá mi wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn pátápátá nítòsí àtẹ̀gùn. Nígbà tí a forí kanlẹ̀, tí ìwúwo gbogbo wa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan dún gbàù ní igun, níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri. Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo mọ iṣẹ́ náà ni mo fò dìde. Mi ò pe bàbá mi. Mi ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó di ìta gbangba, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bu ìrẹsì. Ìyàwó mi gbójú sókè. “Wọ́n ti kírun tán ni?” Lókè, mo gbọ́ ohùn ààfáà: “Allahu Akbar.” Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé mi.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi sá fún ikú tí kò wá, mo kó sọ́wọ́ ẹ̀sín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gòkè padà, mi ò sì lè kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n kí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bàbá mi ló bọ̀ kẹ́yìn, ó gbé bàtà mi dání, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú mi.

“Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe dún ni?”

“Mo gbọ́ ọ. Ṣebí ìwọ lo ní kò lè já?”

Lọ́jọ́ kejì, mo tú àjà, mo yẹ àwọn ìdè náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí skúrù kan tó yẹ̀. Irin kan ló ń ha ìkejì lára, òun ló dún lọ́jọ́ náà. Títí dòní, bàbá mi ń sùn nínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ mi lágbára, ara mi máa ń bù máṣọ. Bàbá mi kò mọ nǹkan kan nípa irin. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbẹ́kẹ̀ lé, èmi tí mo sì ni ẹnu ọ̀hún ni mo kọ́kọ́ sá.