Láfún Mi àti Báńnà Àwọn Ọmọ Ìkàrẹ́

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wá láti Ìkàrẹ́ wá bá wa tún àyíká ṣe l'Ọ́kà, ẹ bá mi kí wọn o. Wọ́n ṣiṣẹ́. Àní wọ́n ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Láfún ni mò ń ṣe. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni àwa obìnrin àdúgbò ti ń sá a, kálukú ló sì ní ojú ibi tirẹ̀. Wàá tẹ́ ọ̀rá ńlá síbẹ̀ kí iyanrìn má baà wọ inú rẹ̀, wàá gbé òkúta lé e nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ kó ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ. Òun ni mo gbójú lé títí iṣu tuntun á fi jáde. Òjò ti ń yọ wá lẹ́nu, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni; bí n kò bá rí i sá lọ́jọ́ yẹn, bíbu ló máa bu. Nígbà tí màá fi gbé e dé orí àpáta, ibẹ̀ ti mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Mo ní, "Ọ̀rá wa dà?"

Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ìyá, mọ́tò ti kó ìdọ̀tí yẹn lọ, mà. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé òkúta lé e, àwa la bá a gbé e kúrò!"

Yéè! Mo sọ igbá kalẹ̀. N kò ní parọ́, omijé bọ́ lójú mi.

Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"N kò bínú, tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́. Ó kù kẹ́ ẹ gbé àpáta náà gan-an sínú mọ́tò. Ṣé orí ẹ̀bẹ̀ yìí ni n ó wá sá ẹ̀gẹ́ sí?"

Ó wòtún, ó wòsì. Ló bá lọ ń tú okùn báńnà ńlá tí wọ́n so mọ́ igi, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó sí gàdàgbà.

Àwọn ọmọ pariwo: "Sà, ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ́ wá yà wá ní fọ́tò pẹ̀lú báńnà yìí ti dé Àkùngbá o!"

"Kó máa bọ̀."

Ó tẹ́ ẹ, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ rún ẹ̀gẹ́. Ọmọkùnrin kan fọwọ́ di imú. Mo ní, "Ìwọ, ṣé búrẹ́dì nìkan lẹ̀ ń jẹ nílé yín ni?" Nígbà tí ọ̀gá dé, báńnà ti di ẹní ẹ̀gẹ́, ojú tíṣà sì pọ́n kankan. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Tíṣà ni, òun nìkan.

Mo ní, "Kí lẹ tún fẹ́ kó?"

"Ìyá, ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Ṣé ó gbẹ?"

Mo ti ní èsì tó máa ta á lára, àmọ́ àga ni mo fà fún un.

"Ó gbẹ, ọmọ mi. Jókòó, kí n ro díẹ̀ fún ẹ."