Ojú Òsì Yèyé Ìgbẹ́mọ

Kóòtù dúdú kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Fájuyì, nílùú Adó, kò sì sí ọkùnrin tí kóòtù náà kò bá mu. Bí oníbàárà bá tín-ín-rín, a ó fi pínnì ká a mọ́ ọn lẹ́yìn. Bó bá sanra, kò sí wàhálà, ọ̀gá mi ti fi àlùmọ́gàjí la ẹ̀yìn kóòtù náà láti òkè délẹ̀. Iwájú nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ju kí n máa wọ kóòtù náà fún àwọn èèyàn, kí n sì máa bọ́ ọ lọ́rùn wọn. Aago ọwọ́ kan tún wà níbẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun bí olówó á so ó mọ́wọ́.

Ọ̀gá Àlàbá ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi. Lẹ́yìn àga tí oníbàárà ń jókòó sí, ó ní aṣọ ńlá kan tí wọ́n kun ọkọ̀ òfuurufú sí. Mo rí àgbẹ̀ tí kò kọjá Àkúrẹ́ rí tó ya fọ́tò níwájú ọkọ̀ òfuurufú yẹn pẹ̀lú kóòtù àti aago, ojú rẹ̀ á wá le koko bí ẹni tó ń retí abẹ́rẹ́ dókítà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ó máa ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ìgèdè. Kékeré ni mo wà nígbà tó kú, fọ́tò kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀. Nínú fọ́tò náà, ó wọ kóòtù tí kì í ṣe tiẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó la ojú rangandan. Bàbá tí mo mọ̀, gbogbo ara ló fi ń rẹ́rìn-ín. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá mi á máa nu gíláàsì fọ́tò náà, á ní, "Bàbá yín rèé o." Mi ò mọ ọkùnrin yẹn rí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Mo pinnu pé ẹnikẹ́ni tí mo bá yà, ọmọ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Èmi àti ọ̀gá mi kò ṣe ọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wọlé láti oko tààrà, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán fún òógùn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n báyìí."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń sanwó láti fi ìṣẹ́ ara rẹ̀ kọ́ sí ògiri?"

"Iṣẹ́ ni, ọ̀gá, kì í ṣe ìṣẹ́."

"Gbé kóòtù wá, olórí kunkun!"

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọ̀gá mi mọ iṣẹ́. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ kí a tó wo ojú èèyàn. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń gbé nẹ́gẹ́tíìfù sí ojú fèrèsé, fíìmù tí irun dúdú ti di funfun lórí rẹ̀, tí eyín funfun ti di dúdú. Pẹ́ńsù ẹnu ṣóńṣó kan wà tó fi ń tọ́ nẹ́gẹ́tíìfù náà, tí gbogbo ìhunjọ ojú á fi pòórá. Ọ̀gá Àlàbá lè fi pẹ́ńsù yẹn sọ ìyá àgbà di ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àwọn oníbàárà á máa dúpẹ́, wọ́n á máa súre fún un.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo ṣe fúrídọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó bọ̀ láti Àkúrẹ́, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí wọn ò ní lẹ pásípọ́ọ̀tì mọ́. Pásípọ́ọ̀tì ló ń bọ́ mi láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń gbé kámẹ́rà lọ sí oko àti ọjà, láti lọ ya ohun tí ọkàn mi fẹ́, ní dúdú àti funfun. Fíìmù aláwọ̀ ti gbòde nígbà náà, àwọn ayafọ́tò ẹgbẹ́ mi á ní, "Ìyá Fọ́tò, o tún ń lọ ya ẹrẹ̀?" Mo máa ń fi ojú àwọn àgbà tí mo bá yà kọ́ ara ògiri, ní títóbi. Ẹni tó wá ya pásípọ́ọ̀tì á wò yíká, á rẹ ohùn sílẹ̀, á bi mí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

Tísà Bámidélé nìkan ni kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Adó ló ń gbé, ọmọ Ìgbẹ́mọ ni. Ó dúró pẹ́ níwájú fọ́tò ìyá kan tó ń gúnyán, ó wá ní, "Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ya ìyá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí fọ́tò wọn kankan nílé. Gbogbo ayafọ́tò tí mo mú lọ ni wọ́n lé padà. Lọ́dún yìí, ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá lọ báyìí, kí ni màá fi han àwọn ọmọ-ọmọ mi?"

Mo ní màá lọ. Ó wá sún mọ́ mi, àfi bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí ìjọba.

"Ojú òsì wọn ti fọ́. Ẹ bá mi bójú tó ìyẹn."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, sà. Pẹ́ńsù ò ní kàn án."

Bí mo ti sọ ọ́ tán, orí mi wú. Mo ti mọ ọgbọ́n tí màá dá.

Nígbà tí mo dé Ìgbẹ́mọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrẹsì wà ní sísá káàkiri. Yèyé, bí gbogbo wọn ṣe ń pe ìyá náà, wà ní ẹ̀yìn ilé, ó ń fi atẹ fẹ́ ìrẹsì. Ó gbọ́ pé ayafọ́tò ni mí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo rí ọ. Kú uṣẹ́. Máa lọ ulé." Mo ti kámẹ́rà bọ àpò, mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa òkúta. Nígbà tó ṣe, mo gba atẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì ìrẹsì bá afẹ́fẹ́ lọ, adìyẹ sáré débẹ̀.

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìbo ni ọ́?"

"Ìgèdè ni, mà."

"Kò burú. Iṣu nìkan ni ẹ mọ̀ níbẹ̀." Ó gba atẹ rẹ̀ padà. "Ó dáa, yà mí. Ṣùgbọ́n èmi ni kí o yà o. Èmi gan-an."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Etí mi gbọ́, ọkàn mi kò gbọ́. Mo ti bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sí afẹ́fẹ́, ó gbé atẹ sókè, èèpo ìrẹsì ń fò lọ yọ̀ọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún nìkan ni mo yà, tòsì kò hàn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mi ò ya irú rẹ̀ rí.

Nínú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò, lábẹ́ gílóòbù pupa, mo wo bí ojú rẹ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí pépà nínú omi, mo sì pariwo. Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá Àlàbá. Ó wò ó títí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Ẹ̀yin kọ́ o, ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mi orí. "Ojú kan ṣoṣo? Etí kan? Wọ́n á ní o gé èèyàn wọn sí méjì." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ wa. Àgbàlagbà tó bá ya fọ́tò, kí ojú rẹ̀ pé méjì, kí etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pé méjì-méjì. Ẹni tí ó bá kù díẹ̀ lára rẹ̀ nínú fọ́tò, wọ́n ti yàn án jẹ nìyẹn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ayé àtijọ́ ló ń da ọ̀gá mi láàmú.

Tísà gba fọ́tò náà, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Kò hàn. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an." Àwa méjèèjì jọ gbé e lọ sí Ìgbẹ́mọ. Yèyé mú un sún mọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí atẹ inú fọ́tò náà.

"Ó dára. Atẹ mi rèé. Ta ni obìnrin yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Yèyé," ni mo dáhùn.

"Apá kejì mi dà?"

Ó tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Nígbà kan, ọkùnrin kan yà mí. Ó lọ fi pẹ́ńsù ya ojú tuntun fún mi. Ojú ọ̀hún ń wo ọ̀dọ̀ ara rẹ̀! Mo fà á ya. Òun fi kún mi, ìwọ bù mí kúrò. Ojú mi ni gbogbo yín ń tijú. Mi ò jí i, mi ò sì jà fún un. Pòròpórò ìrẹsì ló gún un, ní ọ̀sẹ̀ tí Bámidélé yóò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní kí n lọ ọsibítù. Mo ní kí n kórè tán ná, torí owó ìkórè yẹn ni yóò gbé e lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí mo kórè tán, ojú ti lọ." Ó da fọ́tò náà padà sí ọwọ́ mi.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá wò. Èmi tí mo ń bẹnu àtẹ́ lu kóòtù kiri Adó, kóòtù ni mo lọ wọ̀ fún ìyá olóore yìí. Tísà sì dorí kodò. Kò mọ̀ rí. Ó rò pé àìsàn ló ṣe é.

Mo nawọ́ sí àpò kámẹ́rà. Yèyé ní, "Rárá o. Inú ń bí mi lónìí. O ò ní ya ìbínú mi kọ́ sára ògiri."

Mo padà lọ ní Àbámẹ́ta kejì, òjò dá mi padà lójú ọ̀nà. Mo tún lọ, wọ́n ní ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àgbà ti sọ mí di ará Ìgbẹ́mọ. Tísà fúnra rẹ̀ ní kí n jẹ́ ó tó. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, kò tíì tó. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, màá lọ." Mi ò sun oorun gidi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé kí ìyá náà má lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo bá a nílé, ó kàn wò mí, ó ní, "Olórí líle." Mo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀. Mo dúró gan-an níwájú rẹ̀, mo sún mọ́ ọn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú fọ́tò, ọwọ́ kò sí, ojú nìkan ló kún un. Ojú ọ̀tún ń wò mí. Tòsì funfun bí omi ìrẹsì, ó ń wo ibi tó ń wò. Kò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ kámẹ́rà.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó gbé kámẹ́rà sí ojú ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ nípa yín?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á sunkún. Àwọn kan á sì ní kóòtù làwọn fẹ́, màá sì ya kóòtù fún wọn, nítorí àwọn ló ni ojú wọn.

Ọjọ́ tí mo gbé fọ́tò náà wá, mo ránṣẹ́ sí Tísà pé kó pàdé mi ní Ìgbẹ́mọ. Yèyé gbà á, ó gbé e jìnnà, ó gbé e sún mọ́ra. "Háà! Èmi rèé. Èmi rèé o!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Mo mà lẹ́wà díẹ̀."

Tísà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó tún bọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya èmi àti ìyá mi pọ̀." Ó gbé àpótí kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, lójú ọ̀nà nígbà tí a ń padà sí Adó, pé láti ìgbà tí ojú náà ti fọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi àríyá, ọ̀tún ìyá òun ni òun máa ń jókòó sí, kí òun má baà máa rí ojú yẹn. Lọ́jọ́ náà, ó gbé àpótí rẹ̀ sí apá òsì, ó jókòó.

Yèyé ń fi ọwọ́ wá a nínú afẹ́fẹ́. "Bámidélé, níbo lo wà? Mi ò rí ọ."

"Mo wà níbí, Yèyé. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà."

Ọwọ́ rẹ̀ bá orí ọmọ rẹ̀ tó ti funfun báláú, ó sì fi í síbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́ẹ́. Mo yà wọ́n.